Nọ́ọ̀sì Nàfísàt àti Kámẹ́rà Tòkunbọ̀

Ṣakí ni wọ́n bí Nàfísàt sí, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju omi lọ. Títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, odò tó tóbi jù lọ tí ó mọ̀ kò ju èyí tí ènìyàn lè ká aṣọ sókè kó sì fi ẹsẹ̀ là kọjá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé níbi iṣẹ́ pé kó máa lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn abúlé tó wà ní òdìkejì ọ̀sà Òjó, ẹkún ni ó sun délé ní Iba. Ọkọ rẹ̀, Kàmọ́rù, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Iyana-Iba, ní kó yáa kọ̀wé pé òun kò lè lọ. Nàfísàt nu ojú rẹ̀ nù.

“Bí mi ò bá lọ, Bàbá Muheez, ta ni yóò lọ?”

Ọdún kẹrìnlá rèé tí ó ti ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí aago méje àárọ̀ bá ti ń lù, ẹ ó rí i ní èbúté Òjó: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó fi ìbòrí funfun bo orí, tó sì gbé àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Mautin ni orúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tí ó máa ń wọ̀. Ọmọ Ègùn ni, omi ni wọ́n bí i lé lórí, kò sì yé e rárá pé àgbàlagbà lè máa bẹ̀rù ohun tí òun ń fi ṣeré láti kékeré.

Lóòótọ́ ni Nàfísàt bẹ̀rù. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ dì pinpin láti èbúté títí wọ́n fi ń gúnlẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ó la ojú kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti la méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n dé mọ́.

Kí ló rí? Ó rí i pé omi kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, a dà bí wàrà tí wọ́n fi omi là, ọ̀run àti ọ̀sà a di ọ̀kan náà, àwọn òpó ìgèrè tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ a sì dúró sáàárín òfìfo bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbìn wọ́n sí. Nígbà òjò, a pọ́n bí amọ̀ ìkòkò. Ó rí àwọn igi ẹ̀gbà etí omi tí wọ́n ki gbòǹgbò bọlẹ̀ bí ìka ọwọ́ tí ń wá nǹkan nínú iyanrìn. Ó rí òjúoró tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ewé tó ṣù jọ lórí omi, tó jẹ́ pé ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú títì. Nígbà tó bá sì padà dé ìdí iṣẹ́, tí ó ń sọ ohun tó rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó bí ẹni tó ń rọ́ àlá.

Ohun tó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán nìyẹn. Fóònù ló kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n fóònù náà kò ṣe é lò lójú omi. Bí oòrùn bá ti gòkè, tó bá gbé e sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò máa rí nínú gíláàsì rẹ̀. Fóònù yìí kan náà ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó gún lábẹ́rẹ́ sí, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sáàárín pákó ọkọ̀, díẹ̀ ló kù kí ó bá omi lọ pẹ̀lú orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì. Láti ọjọ́ náà, Nàfísàt ní òun kò ní fi fóònù iṣẹ́ ìjọba ya àwòrán ọ̀sà mọ́.

Ẹni tó la ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà kékeré ni Dókítà Ọlájídé, ọmọ Èkìtì kan tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti omi ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ládùúgbò náà. Gbogbo oṣù ni wọ́n máa ń wá sí ọ̀dọ̀ Nàfísàt kí ó bá wọn wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ó ṣe ń di rọ́bà mọ́ wọn lápá lọ́jọ́ kan, ó fi àwòrán ọyẹ́ kan tó wà nínú fóònù rẹ̀ hàn wọ́n. Bàbá náà wò ó pẹ́.

“Nọ́ọ̀sì, ojú yín ríran,” ni wọ́n wí. “Fóònù yìí ni kò ríran tó yín.”

“Ṣé kí n wá ra kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ni, sà?”

“Rárá o! Ẹ ti ní àpótí abẹ́rẹ́ tí ẹ̀ ń gbé. Àwọn kékeré kan wà tí ayé ń lò ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, tó ń wọ àpò bí ọṣẹ ìwẹ̀. Gbogbo èèyàn ti pa wọ́n tì nítorí fóònù, wọ́n kún Alábà báyìí. Ẹ wá èyí tó ní ihò kékeré lókè tí ènìyàn ń yọjú wò. Bí oòrùn mú bí kò mú, ihò yẹn kò ní tàn yín jẹ.”

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni Nàfísàt fi wọ ọjà Alábà. Ti àkọ́kọ́, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó bá ní kámẹ́rà, wọ́n á gbé kámẹ́rà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri láti fi ṣọ́ olè jáde. Ti ìkejì, ọkùnrin kan gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin wá, ṣùgbọ́n nígbà tí Nàfísàt wò ó fínnífínní, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ní Sátidé kẹta ló dé ìsọ̀ Hussein, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń ta rédíò, aago ara ògiri àti oríṣiríṣi nǹkan tòkunbọ̀ tí wọ́n ń rọ́ jáde láti inú kọ̀ǹténà. Kámẹ́rà wà nínú ike ńlá kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n lé ní ogún, wọ́n wà lórí ara wọn bí iṣu.

“Màmá, ẹ mú èyí tó bá wù yín,” ni Hussein wí. “Gbogbo wọn ló dáa.”

“Gbogbo wọn kọ́,” ni Nàfísàt fèsì, ó sì fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó.

Hussein rò pé yóò mú èyí tó mọ́ jù, yóò dúnàá-dúrà, yóò sì máa lọ. Kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló wá bá òun. Nàfísàt mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń ṣe fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀, ó wò ó bóyá ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti mú irin ibẹ̀. Ó ní kí Hussein tan án, ó sì gbé e sún mọ́ etí nígbà tí ojú gíláàsì kámẹ́rà náà ń yọ jáde, ó ń gbọ́ bóyá ó ń fi eyín họ nǹkan. Ó mú ìwé funfun kan jáde láti inú báàgì, ó ya àwòrán ìwé náà, ó sì ń wá àmì dúdú nínú àwòrán, nítorí Dókítà Ọlájídé ti sọ fún un pé bí eruku bá ti wọ inú kámẹ́rà, ojú ọ̀run inú àwòrán yóò máa ní àmì tótòtó bí ẹni tí ìgbóná bá jà.

Ọ̀kan ní àmì dúdú. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan, bátìrì rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó gbé ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan ń tàn, kò gbà láti kú. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wòran.

“Màmá,” ni Hussein bú sẹ́rìn-ín, “ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ kọ oògùn fún un?”

“Èyí tó bá nílò oògùn, mi ò ní rà á.”

Nígbà tó dé orí ìkẹtàlá, ó dá ọwọ́ dúró. Kámẹ́rà náà kò lẹ́wà. Aláwọ̀ eérú ni, igun rẹ̀ kan ti bó, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín níbi tó ti wá lẹ ìwé òdòdó kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀ tí kò ṣe é ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n ó ní ihò tí wọ́n ń yọjú wò. Nàfísàt gbé e sójú, ó gbé orí sókè, ó sì wo ọ̀run tó yọ fírífírí láàárín òrùlé ìsọ̀ méjì. Ìkùukùu kan ń kọjá lọ níbẹ̀. Gbogbo ariwo Alábà, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó ọjà, ó ní ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Hussein jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. “Èyí ti dàgbà o, Màmá. Tèmi-tẹ̀yin, ọmọ tuntun wà nínú ike yẹn.”

“Àgbà ni mo ń wá.”

Wọ́n nájà díẹ̀, wọ́n sì gbà. Ìṣòro tó kù ni káàdì tí àwòrán ń wọ̀. Kámẹ́rà náà kì í gba àwọn káàdì ńlá ayé ìsinsìnyí. Èyí tí kò lè gba nǹkan púpọ̀ ló mọ̀. Hussein tú gbogbo agolo rẹ̀ kó tó rí méjì, ó sì fi bátìrì kan kún un láìgba kọ́bọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tajà, kò tíì sí ẹni tó fara balẹ̀ fún ohun tí òun ń tà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé, Kàmọ́rù gba kámẹ́rà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó jókòó ti aya rẹ̀, ó ń wo àwọn àwòrán àkọ́kọ́. Omi. Igi. Omi. Ìkùukùu.

“Ìyá Muheez, èèyàn dà nínú fọ́tò yìí?”

“Kò sí.”

“Wàá fi owó ra kámẹ́rà, o ò sì ní ya èèyàn?”

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ya èèyàn,” ni Nàfísàt wí. “Ta ló ń ya ibi tí wọ́n dúró lé?”

Kàmọ́rù mi orí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó mú okùn àpamọ́wọ́ tó lágbára kan wá láti ìsọ̀, ó sì so ó mọ́ kámẹ́rà náà kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ aya rẹ̀ sínú omi.

Kì í ṣe pé àwọn àwòrán àkọ́kọ́ náà dára o. Ọkọ̀ ń mì, wọ́n sì rí bàìbàì. Nàfísàt kò bínú. Ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nípa bí wọ́n ṣe ń gún ọmọ tuntun: kí ènìyàn fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, kó mí jáde, kó sì ṣe ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó mí wọlé padà. Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Mautin náà kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti rí i pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ń lọ sí àpò, á pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa léfòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ ìjọba lọ. Kò yà ju méje tàbí mẹ́jọ lọ lọ́jọ́ kan. Ó ní bí ènìyàn bá ń yà lọ bí ẹni ń da ẹ̀wà, kò ní wo nǹkan kan mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún kan ó lé, títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀sà ń ru. Wọ́n ti kọjá ìdajì ọ̀nà sí Àgọ́ Hunsu, ọ̀kan lára àwọn abúlé náà, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan tó ru iyanrìn sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìdẹwọ́. Ìgbì tó tì wá gbé imú ọkọ̀ Mautin sókè. Àpótí yìnyín yọ̀ kúrò lórí pákó, ó sì dorí kọ omi.

Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọ̀tún Nàfísàt nígbà náà. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju ara rẹ̀ sórí àpótí, ó fi apá méjèèjì dì í mú, ó sì fi orúnkún há pákó. Kámẹ́rà tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, ó ń wọ́ tẹ̀ lé wọn nínú omi bí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì, kò sì lè fà á, nítorí bí ó bá fi ọwọ́ kan sílẹ̀, àpótí yóò lọ.

“Nọ́ọ̀sì, kámẹ́rà yín o!” ni Mautin ké.

“Wa ọkọ̀!” ni Nàfísàt ké padà.

Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Ìgbà tí ó parí tí èyí tó kẹ́yìn sì ti dákẹ́ ẹkún ló tó jókòó sí ìdí igi àgbọn kan, ó sì ṣí ilé bátìrì. Omi dà jáde. Mautin ló gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Iyọ̀ ló ń pa irin, kì í ṣe omi,” ni ó wí. “Fóònù mi ti rì tó ìgbà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi omi kànga ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ kíákíá, kí ẹ má sì tàn án o. Bí ojú bá kán yín, tí ẹ tàn án, ó tán.”

Nàfísàt ṣe bí ó ti wí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Sátidé, ó gbé e lọ fún Hussein. Hussein tú u palẹ̀ lórí aṣọ ìnura kan, àwọn síkúrù inú rẹ̀ kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Ó nù ún, ó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ìpẹtà, ó tò ó padà. Nígbà tó tan án, ojú rẹ̀ yọ jáde, ó dún gìrì, ó sì dúró.

“Ó yè, Màmá,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ó ti rọ lápá kan. Kò lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òmíràn, ẹ ò ní san nǹkan kan.”

Nàfísàt gbé e sójú, ó wo títì ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ohun tó bá jìnnà,” ni ó wí, “kó dúró síbi tó wà. Èmi ni n ó lọ bá a.”

Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Dípò kí ó máa ya etí omi láti àárín ọ̀sà, ó ní kí Mautin máa gbé ọkọ̀ sún mọ́ ọn, títí ewé á fi máa nà wọ́n lójú. Gbòǹgbò ẹ̀gbà wá ń kún iwájú àwòrán, omi tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀run sì gba gbogbo òkè. Nígbà tí Dókítà Ọlájídé rí wọn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

“Ta ló kọ́ yín ní èyí?”

“Ìjàǹbá ni, sà.”

Mátírọ̀n Rónkẹ́, ọmọ Oǹdó tó jẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn wọn, ló wá ní kí wọ́n tẹ àwọn àwòrán náà síta. Ògiri ibi tí àwọn aboyún ti ń dúró kò ní nǹkan kan lára ju ìṣó àti ọ̀dà tó ti ń bó lọ. Méjìlá ni Nàfísàt tẹ̀ ní ìsọ̀ kan ní Iyana-Iba, Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ló wá kàn wọ́n mọ́ ògiri, ó ń fi okùn wọ̀n wọ́n kí ọ̀kan má baà wọ́ ju èkejì lọ.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Mautin fi gbé obìnrin kan wá. Sènàmì ni orúkọ rẹ̀, ará Àgọ́ Hunsu, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ti pẹ́ tí Nàfísàt ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, ṣùgbọ́n á ní ilé ìwòsàn òkè kì í ṣe ti àwọn ará omi, pé wọ́n máa ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín níbẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́ ni ọkọ rẹ̀ fi ipá gbé e sínú ọkọ̀. Ó wọlé, ó ń gbọ̀n, ìfúnpá rẹ̀ ga débi tí Nàfísàt fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ ní èdè Ègùn pé àwọn yóò padà sílé kíá.

Lójijì ló yí orí padà. Ó ń wo ògiri. Ó dìde, ó fi ìka kan àwòrán kẹrin.

“Ìgèrè bàbá mi nìyí! Òpó tó tẹ̀ yìí, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbá a nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n nà mí nítorí rẹ̀!” Ó yí padà sí Nàfísàt. “Ta ló gbé ilé wa wá síbí?”

“Èmi ni,” ni Nàfísàt wí. “Jókòó, kí n sọ bí mo ṣe yà á fún ọ.”

Wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ ìgèrè fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí Nàfísàt tún wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Kò tíì wálẹ̀ tó, wọ́n sì ní láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n Sènàmì kò jà, kò sì ní òun fẹ́ padà sílé mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé ló lò níbẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin ní àlàáfíà. Nígbà tó padà wá fún abẹ́rẹ́ ọmọ náà, obìnrin mẹ́rin láti Àgọ́ Hunsu ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ògiri làwọn wá wò. Nàfísàt jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló wá wọn ìfúnpá gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ojú omi. Baálẹ̀ abúlé Ìdí-Àgbọn fúnra wọn wọkọ̀ wá, wọ́n wo ògiri yípo, inú wọn kò sì dùn. Wọ́n ní kí ni àwọn ará Ìdí-Àgbọn ṣe tí omi tiwọn kò fi sí níbẹ̀? Nàfísàt bẹ̀ wọ́n, ó sì dá ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí kì í lọ síbi iṣẹ́ fún wọn.

Nígbà tí ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo abúlé ti múra sílẹ̀. Wọ́n ti kó òjúoró kúrò lójú omi pátá. Wọ́n ti ṣán koríko etí omi, wọ́n ti gé ẹ̀ka igi tó dorí kodò, wọ́n sì ti gbá iyanrìn tí ó fi ní ojú ìgbálẹ̀ lára bí àgbàlá ilé ìyàwó. Baálẹ̀ dúró níwájú, wọ́n wọ agbádá.

Nàfísàt wò yíká. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù tí ènìyàn lè yà. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó ya àwòrán wọn pẹ̀lú agbádá wọn, àwòrán ènìyàn àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà náà yóò yà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ wọ́n jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n má ṣe ṣán koríko náà mọ́, òun yóò padà wá lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ewé àti koríko bá ti hù padà.